Máìkì ló yẹ kó ṣáájú kámẹ́rà: Irinṣẹ́ tí ó yẹ ẹni tí ó fẹ́ ya fídíò ní ìta gbangba l'Ádó-Èkìtì

Bí ọdún Udíròkò bá dé l'Ádó-Èkìtì ní oṣù Kẹjọ, tí èrò pé jọ sí ààfin Ẹ̀wí, àwọn ọwọ́ tí ó gbé fóònù sókè kì í níye. Onílù ń lù, àwọn ìjòyè ń jó wọlé, àwọn àgbà ń súre, gbogbo rẹ̀ pátá ni wọ́n sì ń yà sínú fídíò. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá délé, tí wọ́n ṣí fídíò náà wò, àwòrán nìkan ni wọ́n máa ń bá níbẹ̀. Agbádá ń dán, ìlẹ̀kẹ̀ ń tàn, ẹnu àgbà ń mì, síbẹ̀ atẹ́gùn, ẹ̀rọ amúnáwá àti ariwo èrò ni etí ń gbọ́. Ìwúre tí bàbá náà ṣe ti bá afẹ́fẹ́ lọ.

Àdánù ńlá ni èyí. Àwòrán ọdún ti ọdún tó kọjá lè jọ ti ọdún yìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí àgbà kan sọ lónìí, òun nìkan ló mọ bí ó ṣe sọ ọ́. Bí ó bá ti papò dà, kò sí ẹni tí a ó bi mọ́. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ náwó sórí irinṣẹ́ fídíò, ìbáà ṣe akọ̀ròyìn, ọmọ iléèwé gíga, ayàwòrán òde ìnáwó tàbí ọmọ ilé tí ó kàn fẹ́ pa ìtàn ìdílé rẹ̀ mọ́, kọ́kọ́ ro ti ohùn kó tó ro ti àwòrán.

BÍ ÀWÒRÁN ṢE Ń DÁRA SÍ I, TÍ OHÙN Ń RẸ̀YÌN

Láti ọjọ́ 31, oṣù Kẹwàá, ọdún 1959, tí iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ n'Íbàdàn, ọ̀tọ̀ ni ẹni tí ń di kámẹ́rà mú, ọ̀tọ̀ sì ni ẹni tí ń ṣọ́ ohùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí nídìí fíìmù àgbéléwò ńlá, irú èyí tí Olóògbé Hubert Ògúndé fi ṣe Aiyé ní ọdún 1979. Nígbà tí owó náírà já wálẹ̀ láti ọdún 1986, tí fíìmù irú èyí wọ́n kọjá agbára àwọn òṣèré tíátà, kásẹ́ẹ̀tì fídíò ni wọ́n yí sí. Lẹ́yìn ìyẹn ni kámẹ́rà oníkásẹ́ẹ̀tì kékeré dé, bíi Sony PD150 tí ó jáde ní ọdún 2000 àti Panasonic DVX100 tí ó jáde ní ọdún 2002. Àwọn méjèèjì yìí ní ihò méjì tí a lè ki okùn máìkì ńlá bọ̀, wọ́n sì ní ibi tí a ti ń fi ọwọ́ yí ohùn sókè tàbí sílẹ̀.

Ní ọdún 2008, iléeṣẹ́ Canon gbé kámẹ́rà EOS 5D Mark II jáde. Kámẹ́rà tí a fi ń ya fọ́tò ni, ṣùgbọ́n ó ń ya fídíò tí ó mọ́ bí ojú. Kò pẹ́ tí àwọn tó ń ya fídíò òde ìnáwó fi gba irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ tọwọ́tẹsẹ̀. Àléébù kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kò fiyè sí: kámẹ́rà náà fúnra rẹ̀ ló ń pinnu bí ohùn yóò ṣe ga tó. Oṣù Kẹta, ọdún 2010, ni iléeṣẹ́ náà tó ṣe àtúnṣe tí ó jẹ́ kí ẹni tí ó ni kámẹ́rà lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí i. Fóònù ló wá gba ìlú lẹ́yìn náà. Lónìí, ẹnì kan ṣoṣo ló ń ṣe iṣẹ́ tí ènìyàn mẹ́ta ń ṣe tẹ́lẹ̀, ẹni tí ń ṣọ́ ohùn ni wọ́n sì kọ́kọ́ yọ kúrò nínú ẹgbẹ́.

ÌDÍ TÍ ÈDÈ WA FI FẸ́ ÌGBỌ́HÙN TÓ MỌ́

Èdè olóhùn ni Yorùbá. Igba, igbá, ìgbà àti igbà, ohùn nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ bo ohùn náà, ẹni tí ó ń gbọ́ yóò kàn máa méfò ni. Ti ẹ̀ka èdè Èkìtì tún lé kan. Orúkọ ọdún Udíròkò fúnra rẹ̀ jẹ́ àpẹẹrẹ: ìdí ìròkò ni, ṣùgbọ́n "u" ni ará Èkìtì fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń pe ilé ní "ulé". Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ àgbà sílẹ̀ bí ó ti jáde lẹ́nu rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbọ́ fáwẹ́lì kékeré yìí dáadáa. Bí kò bá gbọ́ ọ, Yorùbá àjùmọ̀lò ni yóò kọ sílẹ̀, ohun tí ó jẹ́ ti Adó yóò sì ti sọnù.

Ìlù náà ń sọ̀rọ̀. Bí onídùndún bá fún ọṣán, ohùn á lọ sókè. Bí ó bá dẹ̀ ẹ́, ohùn á wálẹ̀. Kámẹ́rà tàbí fóònù tí ń yí ohùn fúnra rẹ̀ kò mọ èyí. Bí ìlù bá dún kíkan, á rọra tẹ ohùn mọ́lẹ̀; bí onílù bá sinmi díẹ̀, á tún gbé ariwo ẹ̀rọ amúnáwá sókè. Bí ó bá sì jẹ́ pé ìlù náà ti ga jù kí ẹ̀rọ tó gbà á, ṣe ni ohùn yóò fọ́. Ohùn tó ti fọ́ kò ṣeé tún ṣe pátápátá. Nítorí náà, nǹkan àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí a wò lára kámẹ́rà tàbí ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ ni bóyá a lè fi ọwọ́ yí ohùn rẹ̀. Kí ohùn tó ga jùlọ máa dé nǹkan bíi 12 sí abẹ́ òdo lójú ìwọ̀n dẹ̀síbẹ̀lì tí ó wà lára ẹ̀rọ. Àyè tí ó kù ni ti ariwo òjijì.

ÌJÌNNÀ NI Ọ̀TÁ OHÙN

Àwọn tí wọ́n mọ ìkóríta Fájuyì, níbi tí ère Ọ̀gágun Adékúnlé Fájuyì wà, mọ̀ pé ibẹ̀ kì í dákẹ́. Ọ̀kadà, bọ́ọ̀sì, fèrè ọkọ̀, orin láti ṣọ́ọ̀bù. Ìjígbò kò yàtọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọjà Ọba ní Erékèsán. Bí iná mànàmáná bá sì lọ, ẹ̀rọ amúnáwá a gbà á lẹ́nu rẹ̀. Kò sí máìkì tí yóò lé ariwo yìí lọ, bí ó ti wù kí ó wọ́n tó. Ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ ènìyàn ni láti gbé máìkì sún mọ́ ẹnu.

Bí máìkì bá wà ní ẹsẹ̀ bàtà kan sí ẹnu, tí a wá gbé e sún sẹ́yìn di ẹsẹ̀ bàtà méjì, ìdá kan nínú mẹ́rin ni agbára ohùn tí ó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ yóò dà. Bí ó bá di ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún. Bí ó bá di mẹ́wàá, tí í ṣe ibi tí ọ̀pọ̀ ń dúró sí ya fídíò, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ni. Ariwo tí ó yí wa ká kò sì dín kù rárá. Ìyẹn ni pé máìkì olówó pọ́ọ́kú tí ó wà lábẹ́ àgbọ̀n sàn ju máìkì olówó ńlá tí ó wà lórí kámẹ́rà lókèèrè lọ.

ORÍṢIRÍṢI MÁÌKÌ ÀTI IBI TÍ WỌ́N WÚLÒ SÍ

Máìkì inú kámẹ́rà tàbí fóònù: gbogbo ìhà ló ti ń gbọ́, títí kan ọwọ́ ẹni tí ó ń di ẹ̀rọ náà mú. Ó wúlò fún kí a lè mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n kò yẹ kí a gbójú lé e fún ọ̀rọ̀ àgbà.

Máìkì ọlọ́wọ́, irú èyí tí àwọn akọ̀ròyìn ń nà sí ènìyàn lẹ́nu: eyín-ọ̀rọ̀ ni láàárín èrò. Èyí tí kì í lo bátìrì kì í gbọ́ ohun tó jìnnà púpọ̀, ó sì lágbára, ó lè já bọ́ kó má bàjẹ́. Ní ọjà Erékèsán, bí ìyá alátà bá ń ṣàlàyé bí ọjà ṣe ń lọ, èyí ni kí a lò, kí ó má ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan lọ sí ẹnu wọn.

Máìkì kékeré àhámọ́ṣọ: a máa ń há a mọ́ ọrùn aṣọ, ní nǹkan bí ìka ọwọ́ mẹ́jọ sí àgbọ̀n. Ó dára fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò àgbà tí ó jókòó. Kí ẹni tí ń lò ó ṣọ́ra fún ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn àti agbádá tí wọ́n fi sítáàṣì sí, nítorí gbogbo wọn ni wọ́n máa ń ha máìkì náà lára.

Máìkì aláìlókùn: àwọn oníhòrò kékeré méjì tí ó gbòde lónìí. Ìrọ̀rùn wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn ló ń lo ojú òpó 2.4 gigahertz kan náà tí Wi-Fi àti Bluetooth ń lò. Níbi tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún fóònù bá pé sí, ó lè máa já. Ara ènìyàn náà máa ń dí i, nítorí náà, kí ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ kọjú sí kámẹ́rà. Èyí tí ó ní àyè láti gba ohùn pamọ́ sínú ara rẹ̀ ló dára jù, nítorí bí ojú òpó bá tilẹ̀ já, ohùn ṣì wà.

Máìkì gígùn orí ọ̀pá: iwájú ló ń gbọ́ jùlọ. Kí ẹnì kan gbé e ga sókè orí ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀, kí ẹnu rẹ̀ kọ ilẹ̀. Ó dára fún eré àti ijó níbi tí a kò ti lè há nǹkan mọ́ ènìyàn lára. Tí a bá gbé e lé orí kámẹ́rà ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá, kò fi bẹ́ẹ̀ ní àǹfààní mọ́.

Ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ ọ̀tọ̀: èyí ni kí a gbé sítòsí onílù tàbí gbohùngbohùn, nígbà tí kámẹ́rà bá wà lókèèrè. Ẹni tí kò ní i lè lo fóònù kejì. Kí a tó bẹ̀rẹ̀, kí a pa àtẹ́wọ́ kan ṣoṣo níwájú kámẹ́rà. Ìró àtẹ́wọ́ yìí ni a ó fi so ohùn pọ̀ mọ́ àwòrán nígbà tí a bá délé.

Nǹkan kékeré méjì kò gbọdọ̀ wọ́n nínú àpò. Àkọ́kọ́ ni ìbòrí onírun tí ń gba máìkì lọ́wọ́ afẹ́fẹ́. Èkìtì, ilẹ̀ olókè ni. Ẹni tó bá ya fídíò lórí òkè láìsí ìbòrí yìí, atẹ́gùn ni yóò mú délé. Èkejì ni ẹ̀rọ àfisétí. Kò sí ẹni tí yóò ya àwòrán láì wo kámẹ́rà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ló ń gba ohùn láì gbọ́ ọ. Etí gbọ́dọ̀ ṣọ́ ohùn bí ojú ṣe ń ṣọ́ àwòrán. Ní Ìkògòsì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé, tàbí ní ìdí ìtàkùn omi Àríǹta n'Ípólé-Ìlọ́rọ̀, etí àwa fúnra wa lè fo ariwo omi dá, kó sì jọ pé a ń gbọ́ ẹni tí ó ń ṣàlàyé. Máìkì kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ àfisétí ló máa sọ òótọ́ kí ó tó pẹ́ jù.

KÁMẸ́RÀ ÀTI ÀWỌN OHUN TÍ Ó BÁ A RÌN

Lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ ohùn bá ti yanjú ni kí a tó wá sórí kámẹ́rà. Fóònù tí ó dára tó fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́. Ẹni tí yóò ya òde alẹ́ tàbí tí yóò jókòó ya ètò wákàtí mẹ́ta nílò kámẹ́rà gidi, nítorí fóònù máa ń gbóná lóòrùn, á sì kú mọ́ni lọ́wọ́. Àwọn nǹkan wọ̀nyí ló yẹ kí a tò sí i:

Iná mànàmáná Nàìjíríà, 50 hertz ni. Kí a to kámẹ́rà sí àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kí ìṣípadà ojú rẹ̀ sì jẹ́ ìdá kan nínú 50. Bí a kò bá ṣe é, iná inú gbọ̀ngàn yóò máa ṣẹ́jú nínú fídíò.

Òòrùn ọ̀sán kò dára fún awọ dúdú àti aṣọ funfun pọ̀. Bí kámẹ́rà bá dá pinnu, ó lè jẹ́ kí agbádá funfun hàn kedere, kí ojú ẹni tó wọ̀ ọ́ sì dúdú bí ìkòkò. Ojú ènìyàn ni kí a fi díwọ̀n ìmọ́lẹ̀, kí a sì wá abẹ́ igi tàbí ibòji.

Igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni ó ń mú kí àwòrán dúró sójú kan. Níbi tí èrò bá ti pọ̀ jù, ẹni tí kò bá rí àyè gbé e kalẹ̀ lè fi ẹ̀yìn ti ògiri, kí ó sì di apá mọ́ra. Kí a rìn sún mọ́ ohun tí a fẹ́ yà dípò kí a máa fà á mọ́ra lójú fóònù.

Àyè ìpamọ́ ṣeé ṣírò. Fídíò tí ń jẹ mẹ́gábíìtì 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan yóò jẹ nǹkan bíi gígábáìtì 45 ní wákàtí kan. Ohùn tí ó dára, tí kò ní ìfúnpọ̀, kò ju gígábáìtì kan ní wákàtí kan lọ. Èyí fi hàn pé ohùn kò ná wa ní nǹkan kan láti tọ́jú. Bátìrì méjì ó kéré tán, kí wọ́n sì kún kí a tó jáde. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Nígbà ọyẹ́, eruku a máa wọ inú kámẹ́rà. Kí a má ṣe pààrọ̀ lẹ́ǹsì ní gbangba. Nígbà òjò, ọ̀rinrin a máa hu olú sára lẹ́ǹsì. Kí a tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí tí ó dé pa, pẹ̀lú àwọn àpò kékeré tí ń fa ọ̀rinrin, irú èyí tí ó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun.

ÀṢẸ ÀTI ỌMỌLÚÀBÍ

Pé ibì kan jẹ́ ìta gbangba kò sọ pé ohun gbogbo níbẹ̀ ṣeé yà. Abala 39 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 fún gbogbo ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti gba ìròyìn àti láti fi í ránṣẹ́. Abala 37 nínú ìwé kan náà sì dáàbò bo àṣírí ọmọnìyàn. Òfin ìdáàbòbò dátà tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní oṣù Kẹfà, ọdún 2023, tún fi kún un pé a kò gbọdọ̀ kàn máa fi ohun tí a lè fi dá ènìyàn mọ̀ ṣòwò bí ó ṣe wù wá. Kí ẹni tí ó bá ń ya fídíò fún owó tàbí fún ìpolówó gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí ojú rẹ̀ hàn, kí ó sì gbà á lọ́wọ́ òbí bí ó bá jẹ́ ọmọdé.

Ní ìlú wa, àṣẹ kò bẹ̀rẹ̀ láti inú ìwé. Bí a bá dé ààfin, àwọn ìjòyè ni kí a kọ́kọ́ kí, kí a sì béèrè ibi tí kámẹ́rà lè dé àti ibi tí kò lè dé. Ní ọjà, ìyálọ́jà la ó rí. Ní ìsọ̀, ẹni tó ni ìsọ̀ ni. "Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, mà. Ẹ jọ̀ọ́, a fẹ́ ya fídíò díẹ̀ níbí, ǹjẹ́ ẹ fún wa láyè?" kò gba ìṣẹ́jú kan, ṣùgbọ́n òun ló ń jẹ́ kí ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀ tú inú rẹ̀ jáde. Níbi tí orò bá ti wà níta, kámẹ́rà kò ní iṣẹ́ níbẹ̀. Níbi ìjàǹbá ọkọ̀, ẹ̀mí ni kí a kọ́kọ́ gbà là, kí á má sì máa fi ojú òkú ẹlòmíràn ṣe ìran.

Ọ̀rọ̀ ìdìbò náà wà ńbẹ̀. Àjọ INEC kò fàyè gba kí olùdìbò mú fóònù tàbí kámẹ́rà wọ inú àgọ́ ìtẹ̀ka. Ará Èkìtì mọ ìdí rẹ̀: ní ìdìbò gómìnà ọjọ́ 14, oṣù Keje, ọdún 2018, "dìbò kí o sebẹ̀" di ọ̀rọ̀ tí gbogbo ìlú ń sọ. Fọ́tò ìwé ìdìbò ni ẹni tí ó ta ìbò lè fi han ẹni tí ó rà á.

Bí ó bá kan dírónù tí a fi ń ya àwòrán láti òkè, kì í ṣe ohun tí a kàn ń rà lọ́jà gbé fò. Àjọ NCAA tí ń bójú tó ọkọ̀ òfurufú àti ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn ààrẹ lórí ètò ààbò ni wọ́n ń fún ni láṣẹ rẹ̀. Ní Adó tí pápákọ̀ òfurufú ti wà nítòsí báyìí, àìgbàṣẹ lè di ọ̀ràn ẹ̀mí.

BÍ A BÁ PADÀ DÉLÉ

Iṣẹ́ kò parí síbi tí a pa kámẹ́rà. Lọ́jọ́ náà gan-an ni kí a da ohun tí a yà sí ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí a má ṣe nu ti inú kámẹ́rà kí a tó rí i pé àwọn méjèèjì ń ṣiṣẹ́. Kí a kọ ọjọ́, ibi, orúkọ ẹni tí ó sọ̀rọ̀ àti ohun tí ó sọ nípa rẹ̀ mọ́ ọn. Fídíò tí kò ní orúkọ, lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, kò sí ẹni tí yóò mọ ẹni tí ó wà nínú rẹ̀. Kí a sì fún ààfin tàbí ìdílé tí ó gbà wá lálejò ní ẹ̀dà kan.

Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá pọ̀, àbá tí ó dára jù fún un nìyí: kí ó lo fóònù tí ó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó ra máìkì àhámọ́ṣọ kan tí ó lókùn, ìbòrí onírun, ẹ̀rọ àfisétí àti igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ni kí ó ra ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀. Kámẹ́rà ńlá ni kó gbẹ̀yìn. Bí àwòrán kò bá tilẹ̀ mọ́ tó, ẹni tó ń wò ó ṣì lè gbọ́ ìtàn ìlú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ohùn bá ti sọnù, ẹnu tí ń mì lásán ni ọmọ wa yóò máa wò.